Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ kó tó lọ síbi àpéjọ anime

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo ti gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àlàyé yẹn mà gùn o, kó o tó dé orí ohun tó o fẹ́ tọrọ: pé ká jẹ́ kó o lọ síbi àpéjọ anime, eré àwòrán àwọn ará Japan, kí n sì rán aṣọ ẹni inú eré tó o fẹ́ràn fún ọ wọ̀! Ṣé o rò pé mo máa sọ pé eré ọmọdé ni? Nígbà tí àwa náà wà léwe, tí NTA bá ti gbé Voltron sórí tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó lè rán wa níṣẹ́. Kìnnìún irin márùn-ún tó ń para pọ̀ di òmìrán kan! A rò pé ti Amẹ́ríkà ni. Àṣé àwọn ará Japan ló ya á ní 1981. Àwọn ará Amẹ́ríkà kàn gé e tún tò ni, wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sí i, wọ́n sì gbé e jáde ní 1984. Superbook tí a fi ń wo ìtàn Bíbélì, Japan náà ni wọ́n ti ya á. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá tún sọ fún ọ pé ẹ̀mí èṣù ló wà nínú anime, bi wọ́n léèrè pé ta ló ya Mósè tí wọ́n ń wò ní kékeré. Fi ẹ̀rín bi wọ́n o, má bá àgbà fa ọ̀rọ̀.

Máa lọ. Èmi àti bàbá rẹ ti fohùn ṣọ̀kan. Ohun tí mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ lò ń lọ wò. Ẹni tó ń ránṣọ jẹun ló ń bá ọ sọ̀rọ̀, ọwọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lára ohunkóhun. Àwòrán 24 ni fíìmù máa ń fi kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tó ń ṣe anime kì í sábà ya gbogbo rẹ̀. Wọ́n lè ya mẹ́jọ péré, kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ìgbà tí Osamu Tezuka, ayàwòrán ará Japan, ti gbé eré Astro Boy sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1963 ni wọ́n ti ń dá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, torí owó kéré, eré sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wò ó dáadáa: ojú dúró, orí dúró, ẹnu nìkan ló ń mì. Síbẹ̀ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ló ń wọ inú eré tí kò tó ìdajì wákàtí.

Nítorí náà, tó o bá débẹ̀, má fi gbogbo ọjọ́ ya fọ́tò. Lọ sídìí tábìlì àwọn ayàwòrán tiwa. Láti 2012 tí Ayodele Elegba ti dá Lagos Comic Con, àpéjọ àwọn oníwèé àwòrán, sílẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ibi pàtẹ ìwé wọn. Ra ìwé kan lọ́wọ́ wọn kó o tó ra ọmọláńgidi oníke tí wọ́n kó wọlé. Má ná an títí bí ẹni tó wà ní Balógun. Oníbàárà tó bá sọ fún mi pé "ṣebí aṣọ rírán lásán ni", ẹ̀yìn ni aṣọ tirẹ̀ máa ń wà. Ìwé àwòrán ni àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ Kugali náà ń ṣe kí Disney tó bá wọn ṣe eré àwòrán Iwájú, tó jáde ní February 2024: Èkó tí ọkọ̀ ti ń fò lójú òfurufú, síbẹ̀ tí Island àti Mainland kò tíì dọ́gba. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín gan-an.

Àbúrò rẹ ti ń yọ mí lẹ́nu pé òun náà fẹ́ máa wo. Kì í ṣe gbogbo anime ni tọmọdé o, wo iye ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sí i kó o tó fi ránṣẹ́ sí i. My Neighbor Totoro tí Hayao Miyazaki ṣe ní 1988, tó ní ẹranko ńlá onírun, ìyẹn dára. Ìyá àwọn ọmọ náà wà nílé ìwòsàn, kò sí ọ̀tá kankan, kò sí ìjà, síbẹ̀ àbúrò rẹ kò dìde títí tó fi parí.

Ó wá ku aṣọ. Èyí aláwọ̀ ewé àti dúdú onígun mẹ́rin yẹn, ó rọrùn níbi tó o rò pé ó le, ó sì le níbi tó o rò pé ó rọrùn. Aṣọ tóóró, bíi sẹ̀ǹtímítà 36 ní fífẹ̀, làwọn ará Japan fi ń dá irú rẹ̀. Wọ́n á gé e tààrà, wọ́n á wá rán an pọ̀, bí a ṣe ń to òfì pọ̀ fi dá agbádá. Kò sí dáàtì, ìyẹn ibi tí a máa ń ṣẹ́ aṣọ pọ̀ kó lè bá ara mu, kò sí gígé róbótó lábẹ́ apá. Ojú ibi tí a ti rán an pọ̀ ni wàhálà wà. Tí igun dúdú kò bá pàdé igun ewé gẹ́lẹ́ láàárín ẹ̀yìn, gbogbo ẹni tó mọ eré náà á ti rí i lókèèrè. Má gbé e fún télọ̀ ẹ̀bá họ́sítẹ́ẹ̀lì yín. Má sì ra sátíìnì. Ó ń dán jù nínú fọ́tò. Aṣọ òwú ni ká lò.

Má wọ̀ ọ́ láti ilé. Ọlọ́pàá ojú títì kò mọ anime, yóò rí idà, kò sì ní dúró gbọ́ pé fóòmù ni. Dì í sínú báàgì, wọ̀ ọ́ níbẹ̀, bọ́ ọ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yà ọ́ ní fọ́tò, kó tọrọ rẹ̀. Tó bá fọwọ́ kàn ọ́, pariwo. Ìwọ náà, má ya ọmọlọ́mọ láìbéèrè. Kílẹ̀ tó ṣú, kó o ti máa padà bọ̀.

Èmi á san owó aṣọ, ìwọ á san ti wíìgì àti idà nínú owó irun tó ò ń dì. Fi tépù wọn èjìká rẹ àti gígùn apá rẹ, kó o fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí aṣọ ẹbí kan ń bọ̀ lórí ẹ̀rọ mi. Tí mo bá rán tìrẹ tán, páàkì ni mo máa gbé e lọ fún àwọn awakọ̀ kí wọ́n bá mi gbé e wá fún ọ. Bàbá rẹ ní kó o bá òun ra ìwé kan bọ̀, tó bá ti ní Ṣàngó nínú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ