Ibi Tí À Ń Kó Ẹ̀yà Bàálù Sí

Sí Olóòtú,

Bí ọ̀dọ́ kan nílẹ̀ Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí wa níbí, bá sọ pé òun fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bàálù kékeré nílé, ibi tí yóò kó ẹ̀yà rẹ̀ sí ni mo máa kọ́kọ́ bèèrè, nítorí pé iṣẹ́ náà lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Kàbà tàbí Ìsánlú, ọ̀rinrin ìgbà òjò ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Kí páànù álúmíníọ̀mù tí a fẹ́ fi ṣe bàálù náà má ṣe fara kan sìmẹ́ǹtì, kí a sì bó ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó láti ilé iṣẹ́ bí yóò bá pẹ́ nílẹ̀, nítorí omi lè há sábẹ́ rẹ̀ kí ó sì máa jẹ ẹ́ láìsí ẹni tí yóò mọ̀. Ìtọ̀ eku náà a máa jẹ ẹ́. Bí ẹ̀yà kan bá jẹ́ igi, gbogbo wa la mọ ohun tí ikán ń ṣe sí i.

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni bóòtì, irin tí a fi ń de ẹ̀yà pọ̀: ti bàálù àti èyí tí mẹkáníìkì ń lò lè jọra lójú, ṣùgbọ́n agbára wọn kò dọ́gba, nítorí náà kí irú kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo tirẹ̀ tí a kọ orúkọ sí lára. Kí ọ̀dà àti tínà tí a fi ń pò ó jìnnà sí ibi ìdáná.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.