Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò wúlò fún un nínú ìdánwò

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn láti gbọ́ pé ìwọ àti àwọn ẹbí rẹ wà ní àlàáfíà. Èmi náà wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. O sọ fún mi pé o ti fi orúkọ sílẹ̀ fún IELTS, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ bí ènìyàn ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó, pé ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, o sì ní kí n kọ gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo há sórí nígbà tí mo ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò yìí ránṣẹ́ sí ọ. N kò ní kọ gbogbo wọn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún ọ. Ohun tí ojú mi rí nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò náà ni kò jẹ́ kí ọkàn mi gbà á.

Nígbà náà, àpólà ọ̀rọ̀ tí mo há sórí lé ní ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n ti ní kí a ṣí ìwé báyìí, mo ti kọ “In this day and age, it is an undeniable fact that” sílẹ̀ kí n tó ka ìbéèrè náà parí. Mo kó “a hotly debated issue”, “a double-edged sword” àti “last but not least” tẹ̀ lé e, títí mo fi kọ odidi ìpínrọ̀ kan láì tíì sọ ohun tí mo rò nípa ọ̀rọ̀ tí wọ́n bi mí. Máàkì 5.5 nínú 9 ni mo gbà nínú ìwé kíkọ. Nígbà tí mo padà lọ ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àpólà ọ̀rọ̀ tí mo mú dání kò ju bí ogún lọ, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe, mo sì mọ irú ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Máàkì 7 ni mo gbà. Ìwọ̀nba díẹ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí àwọn olùdánwò ń wò. Nínú ìwé kíkọ, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣírò máàkì, wọ́n sì pín in dọ́gba: bóyá o dáhùn ìbéèrè náà ní tòótọ́, bóyá ọ̀rọ̀ rẹ so kọ́ra tí ó sì tẹ̀ léra, bí ọ̀rọ̀ tí o mọ̀ ṣe pọ̀ tó àti bí o ṣe lò wọ́n, àti bí gírámà rẹ ṣe gún tó. Ọ̀rọ̀ àkọ́sórí kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ nínú ìkíní rárá. Ìkejì ni ó wúlò fún jù lọ, ó sì wúlò díẹ̀ fún ìkẹta. Bí ó bá wá pọ̀ jù, yóò ba ìkejì náà jẹ́, nítorí pé àlòjù ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ jẹ́ àléébù lójú wọn gẹ́gẹ́ bí àìlò rẹ̀ ti jẹ́.

Àròkọ, tí í ṣe iṣẹ́ kejì nínú ìwé kíkọ, ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó gba agbára jù. Ó kéré tán, igba ó lé àádọ́ta ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń béèrè, ogójì ìṣẹ́jú ni ó yẹ kí o lò sí i, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti iṣẹ́ kìíní. Láti sọ èrò rẹ, “I believe that” tàbí “In my view” ti tó. Jọ̀wọ́, má ṣe kọ “According to me”. Mo mọ ibi tí ó ti ń wá: àwa máa ń sọ pé gẹ́gẹ́ bí èrò tèmi, a sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì náà gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tàbí ìwé kan ni “according to” máa ń tọ́ka sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù ni “although”. Ní èdè tiwa, bí a bá ti sọ pé “bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé”, etí wa yóò máa retí “síbẹ̀” tàbí “ṣùgbọ́n” ní apá kejì gbólóhùn náà, bí kò bá sì sí níbẹ̀, yóò dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò parí. Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ méjèèjì pọ̀. “Although the work is hard, but people enjoy it” kò tọ̀nà. “Although the work is hard, people enjoy it” ni ó tọ̀nà. Ó pẹ́ kí èyí tó wọ̀ mí lára, mo sì ní láti máa ka gbogbo ohun tí mo bá kọ lẹ́ẹ̀kejì kí n lè yọ “but” náà kúrò. Ìbátan rẹ̀ ni “despite”, ìtumọ̀ wọn sì sún mọ́ra, ṣùgbọ́n odidi gbólóhùn ni ó ń tẹ̀ lé “although”, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀-orúkọ, tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gbẹ̀yìn sí “-ing”, ni ó ń tẹ̀ lé “despite”: “despite the cost”, “despite working all day”. Nítorí náà, bí o bá kọ “despite” nìkan sínú ìwé rẹ, ìdajì rẹ̀ ni o kọ́. Kọ ọ́ pẹ̀lú ohun tí ó ń tẹ̀ lé e.

“On the other hand” àti “on the contrary” náà kì í ṣe ohun kan náà. Ti ìṣáájú ni a fi ń gbé apá kejì ọ̀rọ̀ kalẹ̀, láì sọ pé apá kìíní kì í ṣe òótọ́. Ti èkejì ni a fi ń sọ pé ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú àròkọ ìdánwò, èyí ìṣáájú ni ìwọ yóò nílò ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà àkọ́kọ́ ni bí a ṣe ń dín agbára ọ̀rọ̀ kù. Mo máa ń kọ pé “Everybody knows that children who read pass their exams”, mo sì rò pé ìdánilójú ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ lágbára. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é gbèjà ni. Bí o bá kọ “Children who read widely tend to do better at school”, o ti sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè já ní koro. Kọ́ “tend to”, “is likely to”, “in many cases” àti “to some extent” dáadáa. Lójú tèmi, àwọn mẹ́rin wọ̀nyí níye lórí ju gbogbo òwe àti àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ènìyàn ń kó jọ lọ. Fún ìdí àti àbájáde, “This is largely because” àti “As a result” yóò tó ọ. Fún àpẹẹrẹ, “For instance”. Fún ìparí, “In conclusion”, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

O kò sọ fún mi bóyá Academic ni o fẹ́ ṣe, èyí tí ó wà fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tàbí General Training, èyí tí ó wà fún iṣẹ́ tàbí ìrìnàjò lọ gbé òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kìíní nínú ìwé kíkọ yàtọ̀ nínú méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àádọ́jọ ọ̀rọ̀ ni ó kéré jù nínú wọn, tí ogún ìṣẹ́jú sì ni àkókò tí ó yẹ wọ́n. Bí ó bá jẹ́ Academic, àtẹ tàbí àwòrán ìṣirò ni wọ́n sábà máa ń fúnni láti ṣàpèjúwe. “Overall” ni kí o fi sọ ohun tí ó hàn jù nínú àwòrán náà. Lẹ́yìn náà ni “rose sharply”, “fell slightly”, “remained stable” àti “reached a peak of”. Ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kékeré tí ó wà láàárín: bí nǹkan bá kúrò ní 20% tí ó dé 30%, ó “rose by 10 percentage points”, ṣùgbọ́n ó “rose to 30%”. Ẹni tí ó bá ṣi “by” lò fún “to” ti ṣi ìṣirò náà sọ, gírámà nìkan kọ́ ni ó bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ General Training, lẹ́tà ni ìwọ yóò kọ. “I am writing to enquire about” dára fún ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́, “I look forward to hearing from you” sì dára fún ìparí rẹ̀. “Hearing” ni o, kì í ṣe “hear”. Bí o bá fi “Dear Sir or Madam” bẹ̀rẹ̀, “Yours faithfully” ni kí o fi parí. Bí o bá dárúkọ ẹni náà, “Yours sincerely” ni.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ sísọ, tí o ní ó ń já ọ láyà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá péré ni, ìwọ àti olùdánwò kan ni ẹ ó jọ jókòó. Ní apá kìíní, ìbéèrè nípa ara rẹ ni. Má ṣe fi ọ̀rọ̀ ńláńlá dáhùn wọn. Ní apá kejì, wọn yóò fún ọ ní káàdì, ìwọ yóò ní ìṣẹ́jú kan láti ronú, ìwọ yóò sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Níbẹ̀ ni “used to” ti wúlò gan-an, nítorí pé wọ́n sábà máa ń béèrè nípa ohun tí ó ti kọjá. Àwa máa ń fi “máa ń” sọ ìṣe àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń sọ pé “I use to wake up early” nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ṣì ń ṣe ni wọ́n ń sọ. “I usually wake up early” ni ti ìsinsìnyí. “I used to wake up early” túmọ̀ sí pé o ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí káàdì náà bá sì ní kí o ṣàpèjúwe ènìyàn kan, rántí pé “ó” kan náà ni a ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Mo pe ìyá mi ní “he” lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, má ṣe dákẹ́: sọ pé “sorry, I mean she”, kí o sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ.

Apá kẹta ni ìbéèrè ti máa ń jinlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí ń fún ènìyàn láyè láti mí ti wúlò. Bí ìbéèrè bá ṣòro, o lè sọ pé “I've never really thought about that, but I suppose” kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Bí o kò bá gbọ́, “Sorry, could you repeat that, please?”, bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé ọ, “Could you explain what you mean by” àti ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ìtìjú. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni kí o lò wọ́n, nítorí bí gbogbo ìdáhùn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “That's a very interesting question”, olùdánwò yóò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ àkọ́sórí ni.

Bí mo ṣe kọ́ wọn nìyí: mo mú àpólà ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́, mo fi ṣe gbólóhùn mẹ́ta nípa ìgbésí ayé èmi fúnra mi, mo kà wọ́n sókè, mo gbà wọ́n sílẹ̀ lórí fóònù, mo sì tún wọn gbọ́ ní ọjọ́ kejì. Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo kọ àròkọ kan láàárín ogójì ìṣẹ́jú, láì wo ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fún gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀, bá mi ṣe nǹkan kan. Kọ àròkọ kan lórí ìbéèrè yìí: “Some people think that children should learn a foreign language from an early age. To what extent do you agree?” Má ṣe lo ọ̀rọ̀ àkọ́sórí kankan nínú rẹ̀. Sọ ohun tí o rò gan-an, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá wà lẹ́nu rẹ, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi láì tún un ṣe. Bí mo bá ti kà á, n ó mọ èyí tí o nílò nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí àti èyí tí o lè pa tì, n ó sì kọ èsì padà sí ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Bá mi kí àwọn ará ilé. Mò ń retí àròkọ rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bọ́lá