Ẹ bá wa ṣírò oko kòkó ayé òyìnbó dáadáa

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan máa ń jáde léraléra nígbàkígbà tí àwọn akọ̀ròyìn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ayé tí òyìnbó fi ń ṣàkóso wa: wọ́n á ní ẹni tó bá ti ní oko kòkó nígbà náà, owó ló ń ká. Wọ́n á mẹ́nu ba ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọkọ̀ akẹ́rù àti ọmọ tí wọ́n rán lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀n. Iye tí oko náà gbà lọ́wọ́ ẹni tó dá a kì í jáde nínú ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ pé àgbẹ̀ kékeré, tó ní éékà bíi méjì sí mẹ́ta, pọ̀ gan-an. Orí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a gbé ìṣirò náà lé.

Kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Ó ti wà lóko J.P.L. Davies, oníṣòwò ará Èkó, ní Ìjọn, lẹ́bàá Agége, láti nǹkan bí ọdún 1880. Lóko àwọn ọlọ́rọ̀ Agége bíi J.K. Coker ni ọ̀pọ̀ alágbàṣe ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, tí wọ́n sì kó irúgbìn rẹ̀ lọ sílùú wọn. Nígbà tí àgọ́ ogun Kírìjì sì tú ká ní 1893, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ojú ogun ti ń bọ́ ló ń wá ohun tí wọn yóò máa ṣe jẹun. Wọ́n yà sínú igbó.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ kì í ra ilẹ̀, àmọ́ àlejò tó wọ igbó onígbó ní láti bẹ̀bẹ̀, kí ó gbé ọtí àti obì lọ, kí ó sì gbà pé òun yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tó jẹ́ iṣu àti àgbàdo ni àlejò ń gbìn, ìṣákọ́lẹ̀ kò ju iṣu díẹ̀ àti ọ̀wọ̀ lọ. Kòkó ló yí i padà, torí igi tó ń gbé ogójì ọdún kò jẹ́ kí ilẹ̀ padà sọ́wọ́ onílẹ̀ mọ́. Bí ìṣákọ́lẹ̀ bá jẹ́ kòkó tó wọn pọ́n-ùn 112 lọ́dún, tí oko éékà méjì sì ń so pọ́n-ùn 700, ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ kí àgbẹ̀ náà tó ra iyọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni igbó ṣíṣẹ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àdá, àáké, ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀ ni ohun èlò, wọn kò sì wọ́n. Ọwọ́ ènìyàn ló wọ́n. Àwọn kan rò pé ọ̀wẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò bọ́ gbogbo ẹni tó wá. Iyán gbọ́dọ̀ tó, ẹran gbọ́dọ̀ hàn nínú ọbẹ̀, ẹmu kò sì gbọdọ̀ tán kí oòrùn tó wọ̀. Àáró ní tirẹ̀, gbèsè ọjọ́ iṣẹ́ ni: ọjọ́ tí ẹ lò lóko mi, mo jẹ yín ní iye bẹ́ẹ̀, bó bá sì bọ́ sí ọjọ́ tí oko tèmi ń ké pè mí, n kò lè sọ pé n kò wá. Ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ àáró, alágbàṣe ni yóò gbà, àwọn Ẹ̀bìrà wà lára àwọn tó sábà máa ń wá láti òkè, owó náà sì ń jáde kí kòkó tó hù.

Irúgbìn náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá gbin kòkó ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 5, ojú ihò tó máa wà lórí éékà kan jẹ́ nǹkan bí 1,740. Bó bá sọ hóró mẹ́ta sí ihò kọ̀ọ̀kan, hóró tó lé ní 5,200 ni. Èso kan máa ń ní hóró bíi 35 nínú, nítorí náà àádọ́jọ èso ni yóò wá fún éékà kan ṣoṣo. Wọn kò gbọdọ̀ gbẹ o! Hóró kòkó kò dà bí àgbàdo tí a lè so rọ̀ sórí ààrò títí òjò yóò fi dé. Bí hóró náà bá gbẹ, ó ti kú nìyẹn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá fọ́ ọ ni kí wọ́n gbìn ín. Ẹni tó gbìn ín pẹ́, tí gbòǹgbò kò tíì lọ jìnnà kí ọyẹ́ tó dé, yóò tún ihò rẹ̀ dí ní ọdún kejì, àwọn mìíràn títí dé ọdún kẹta. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti òkété náà kò sì sùn.

Ibi tí gbogbo ìṣirò wa ti ń ṣìnà ni ìdúró. Irú kòkó tí wọ́n ń gbìn nígbà náà kì í so ohun tó ṣe é tà kí ó tó pé ọdún márùn-ún sí méje, ó sì tún di ọdún bíi mélòó kan sí i kí ó tó so dójú àmì. Kí ni àgbẹ̀ ń jẹ ní gbogbo àkókò yìí? Iṣu àti àgbàdo ni ó kọ́kọ́ gbìn sínú ilẹ̀ tuntun náà, lẹ́yìn náà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti kókò. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ibòji ọmọ kòkó, èso rẹ̀ sì ni oúnjẹ ilé. Oúnjẹ tó wà láàárín kòkó ni ó san owó oko náà. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n fi rí i jẹ, èyí tó bá ṣẹ́kù ìyàwó gbé e lọ sọ́jà. Ẹni tó bá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò láìtó àkókò nítorí pé ó fẹ́ kí kòkó rí afẹ́fẹ́, oòrùn yóò jó ọmọ kòkó náà, koríko yóò sì bò ó.

Koríko gan-an ni òwò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n ń ro oko lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún fún ọdún mẹ́rin, ìyẹn ìgbà méjìlá. Bí ènìyàn kan bá ń lo ọjọ́ méje lórí éékà kan, éékà méjì yóò gba ọjọ́ 168 ti ènìyàn kan, lórí roro nìkan, kí kọ́bọ̀ kan tó wọlé láti ara kòkó. Nígbà tí ewé àwọn igi náà bá ti pàdé lókè tí wọ́n sì ṣú ilẹ̀, koríko á kú fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún á tó. Ọjọ́ tí ewé bá pàdé ni àgbẹ̀ kòkó kọ́kọ́ jèrè, èrè náà kì í ṣe owó, ìsinmi ọwọ́ ni.

Ní ti ìkórè, mo fẹ́ kí ẹni tí kò rí i rí mọ bí ó ṣe ń lọ. Èso bíi méjìlá ló ń mú pọ́n-ùn kan kòkó gbígbẹ jáde. Oko éékà méjì tó bá so pọ́n-ùn 700, ìyẹn pọ́n-ùn 350 lórí éékà kan, ti jẹ́ kí ọwọ́ àgbẹ̀ fara kan èso 8,400: kí ó gé e láì bó èèpo ara igi níbi tí òdòdó ọdún tó ń bọ̀ yóò ti yọ, kí ó gbé e jọ, kí ó fọ́ ọ. Kùmọ̀ ni wọ́n fi ń fọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó fi ojú àdá là á máa ń gé hóró, ibẹ̀ sì ni èbu ń gbà wọlé. Wọ́n á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí igi tí wọ́n tò kí omi rẹ̀ lè máa ṣàn lọ, wọ́n á kó hóró tútù jọ sórí rẹ̀ bí òkìtì, wọ́n á sì bò ó. Ní ọjọ́ kejì wọ́n á yí i, ní ọjọ́ kẹrin wọ́n á tún yí i. Bó bá ń ṣe dáadáa, òórùn ọtí kíkan á máa jáde, ooru inú òkìtì náà kò sì ní jẹ́ kí o fi ọwọ́ sínú rẹ̀ pẹ́. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n tó sá a sórí ẹní. Ẹni tí ọlọ́jà ń kán lójú, tó sá a ní ọjọ́ kejì tàbí kẹta, hóró rẹ̀ á gbẹ lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ là á, inú rẹ̀ á dà bí wàláà tí wọ́n fi ń kọ̀wé, gíréèdì rẹ̀ á sì já. Bó bá gbẹ tán, bu ẹ̀kúnwọ́ kan, fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pọ̀: bó bá dún pàrà-pàrà, ó tó àpò. Bí kò bá dún, tí o dì í bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò bá èbu nínú rẹ̀.

Àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ ló ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń rù ú, tí wọ́n ń sáré kó o wọlé bí òjò bá ṣú. Kò sí ìwé ìṣirò kan tí mo rí tó kọ owó iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Mo ka èyí sí àbùkù tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ń sọ nípa èrè kòkó.

Wàyí o, owó. Àpò kan jẹ́ pọ́n-ùn 140, àpò 16 ló sì ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Pọ́n-ùn 700 jẹ́ àpò márùn-ún géérégé. Ní àkókò 1954 sí 1955, iye tí ìgbìmọ̀ ìtajà ìjọba (Marketing Board), tó ń ra kòkó tó sì ń tà á sókè òkun, dá fún gíréèdì kìíní jẹ́ £200 fún tọ́ọ̀nù. Àpò kan nígbà náà jẹ́ £12 àti ṣílè 10. Àpò márùn-ún, £62 àti ṣílè 10. Owó gidi ni lóòótọ́. Ní 1956 sí 1957, wọ́n já iye náà sí £150. Àpò márùn-ún kan náà, láti ara igi kan náà àti òógùn kan náà, di £46, ṣílè 17 àti kọ́bọ̀ 6. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé ọwọ́ àgbẹ̀, torí owó ọkọ̀, èrè ẹni tó rà á lábúlé, àti òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń jí pọ́n-ùn díẹ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ìgbà kan ní 1954, kí iye náà tó di £200, kòkó ju £400 lọ fún tọ́ọ̀nù ní Lọ́ńdọ̀n nígbà tí àgbẹ̀ ń gba £170. Èyí tó ṣẹ́kù wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àti ìjọba. A mọ ohun rere tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe, mo sì dúpẹ́ lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ṣùgbọ́n owó orí ni àgbẹ̀ san níbẹ̀, kí ẹ má ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé orí òkè ló ti já bọ́.

Gbèsè ló ń pa àgbẹ̀ kékeré ju kòkòrò lọ. Nígbà tí oúnjẹ bá tán lóṣù kẹfà tàbí keje, tí kòkó ṣì wà lórí igi, ọlọ́jà á yá a lówó lórí kòkó tí kò tíì pọ́n, ní iye tó kéré ju ti ìgbà ìkórè. Èyí tó burú jù ni kí ó fi oko dógò: ẹni tó yá a lówó á máa ká kòkó náà lọ́dọọdún, ohun tó bá sì ká, kò dín nínú owó, èlé ni. Bí ìwọ̀fà ṣe máa ń ṣiṣẹ́ fún olówó láìjẹ́ pé iṣẹ́ náà ń san gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni oko náà ṣe di ìwọ̀fà. Oko tí wọ́n fi dógò fún £20 lè so ju £20 lọ fún olówó, kí gbèsè náà ṣì pé £20.

Àrùn náà ń gba tirẹ̀. Èyí tó ń sọ èso di dúdú lásìkò òjò, bí àgbẹ̀ kò bá ń já àwọn èso dúdú náà jù síta lóòrèkóòrè, ó lè run ọ̀pọ̀ nínú ìkórè. Oògùn rẹ̀ ni copper sulphate pọ́n-ùn kan, lime pọ́n-ùn kan, sínú gálọ́ọ̀nù omi mẹ́wàá, kí wọ́n sì fín in lé èso lórí. Àfòmọ́, gígé ni. Èyí tó ń mú ẹ̀ka wú, tí wọ́n rí nílẹ̀ wa ní 1944, kò ní oògùn. Gígé igi náà lulẹ̀ ni ìjọba ìgbà náà mọ̀. Ẹni tó dúró ọdún méje tí wọ́n wá bá a gé e lulẹ̀, ẹ fi sínú ìṣirò yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ bá wa ké sí àwọn òǹkàwé tó ní ìwé àwọn bàbá wọn nínú àpótí: rìsíìtì tí ọlọ́jà fi ra kòkó, ìwé ìṣákọ́lẹ̀, ìwé ìdógò tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n má sun wọ́n. Kí wọ́n kọ orúkọ abúlé àti ti ẹni tó ni oko sórí bébà mìíràn, kí wọ́n fi mọ́ ọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní National Archives, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, bá wọn wò ó. Ọdún, ìwọ̀n àti gíréèdì tó wà lórí rìsíìtì kékeré kan tó láti fi ṣírò ohun tí oko náà mú wọlé lọ́dún yẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín,
Ìbàdàn