Wọ́n Gbin Igi, Wọn Kò Padà Wá Wò Ó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, n kò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Àwọn aláṣẹ tún ti wá ṣe ọjọ́ àyíká ní àdúgbò wa níhìn-ín ní Ìbàdàn, wọ́n tún ti gbin igi sẹ́bàá odò, wọ́n sì tún ti bá tiwọn lọ. Àwọn igi tí wọ́n gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá ti kú, kò sì sí ẹni tó bi wá pé kí ló pa wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn yẹn kú sí ni wọ́n gbẹ́ ihò tuntun sí. Wọn kì í padà wá wò ó. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, n ó sì tún un sọ kí n tó gbé kálámù sílẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbé nílẹ̀ Yorùbá mọ bí ètò yìí ṣe máa ń lọ. Tó bá ti di ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àyíká lẹ́yìn ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Stockholm lọ́dún 1972, wọ́n á na kánópì, wọ́n á to àga, wọ́n á gbé gbohùngbohùn kalẹ̀. Wọ́n á ti kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jáde láti àárọ̀ kùtù, oòrùn á sì ti mú kí àwọn ọ̀gá tó dé. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka Òyìnbó láti inú ìwé fún àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ àti àwọn bàbá tó fi oko ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ wá síbẹ̀. Ìyá kan tó jókòó tì mí lọ́dún yìí fi ọwọ́ tọ́ mi, ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń wí?" Mo sọ díẹ̀ fún un. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti sọ ohun tí a máa ṣe sí ilẹ̀ tí àgbàrá ń kó lọ lẹ́yìn ilé wa?" Wọn kò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àgbáyé ni wọ́n sọ, àti ti ìpàdé tí àwọn kan nínú wọn lọ ṣe lókè òkun. Bẹ́ẹ̀, ibi tí a jókòó sí, a lè fi ohùn pe ẹni tó bá wà lẹ́yìn ilé ìyá náà. Kò sí ẹni tó ní kí a dìde, kí a lọ wò ó.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ sísọ ni igi gbígbìn. Ọ̀gá kan á di igi mú, wọ́n á yà á ní fọ́tò, òmíràn á bu omi lé e, wọ́n á ya ìyẹn náà. Mo wà níbẹ̀ tí wọ́n ri igi mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi gbé e wá. Mo pariwo, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ní kí n má ṣèyọnu. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọmọ tó gba ọwọ́ mi kọjá tí kò mọ̀ pé gbòǹgbò tó bá wà nínú ọ̀rá á kàn máa lọ́ yípo ara rẹ̀ ni, kò ní rí ilẹ̀ fà mu, igi náà á sì rọ. Ohun tó wá ká mi lára jù ni pé àwọn ọmọ dúró, wọ́n ń wò. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé relé lọ́jọ́ náà nìyẹn. Nígbà tí a sì tú ká, ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí wọ́n pín fún wa kún inú gọ́tà, gọ́tà yẹn kan náà tó ṣàn lọ sínú odò.

Òjò oṣù Kẹfà máa ń tan ènìyàn jẹ. Ohunkóhun téèyàn bá kì bọlẹ̀ nígbà yẹn ló máa dà bíi pé ó ti yè. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ló ń pa igi. Láti oṣù Kọkànlá tí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ bá wá fẹ́ lé e, gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì jìn tó láti rí omi nísàlẹ̀, ewúrẹ́ sì ti já ewé orí rẹ̀ jẹ kí oṣù Kejìlá tó dé. Èyí tí ewúrẹ́ bá fi sílẹ̀, àwọn tó ń sun igbó láti lé òkété jáde á sun ún mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí igi yè, oṣù Kìíní ló yẹ kí a bá a nídìí rẹ̀. A kì í rí wọn ní oṣù Kìíní. Wọn kì í padà wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mò ń gbé gẹ̀gẹ̀. Ìbàdàn mọ ohun tí omi lè ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó gbé ọmọ, ó gbé ìyá, ó gbé ilé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òmíràn tún ṣẹlẹ̀, ó ju ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí lọ tó bá a rìn, afárá sì wó káàkiri ìlú. Ìgbàkígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àwọn aláṣẹ á ní àwa ará ìlú la ṣe é, pé à ń da ìdọ̀tí sódò, à ń kọ́lé sójú omi. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló buwọ́ lu ìwé àwọn ilé náà? Ta ló gba owó ilẹ̀ náà? Ọjọ́ wo sì ni ẹnì kan nínú wọn mú ọmọ wa kan dání lọ sétí odò, kó fi hàn án pé ibi báyìí ni omi ń gbà nígbà tó bá kún?

Ìmọ̀ ilẹ̀ kò wọ́n wa o. Àwọn tó ní in ni wọ́n ń fi jókòó sẹ́yìn kánópì. Ẹ bi àgbẹ̀ tó dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò níí yẹ ilẹ̀ wò nínú ẹ̀rọ kankan kó tó dá yín lóhùn. Bó bá rí i pé ẹ̀kan ló gba orí ilẹ̀ kan, yóò sọ fún yín pé wọ́n ti sun ilẹ̀ yẹn lásunjù, pé ó ti ṣá. Bó bá rí ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tó hù níbẹ̀ ṣìkìtì, yóò ní ilẹ̀ náà ti sinmi, ó ti fẹ́ gba iṣu padà. Ọdẹ mọ ibi tí omi ti ń sun nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì mọ ọdún tí wọ́n gé àwọn igi tó yí i ká tí omi ibẹ̀ fi gbẹ. Àwọn bàbá wa ń ṣán oko, wọ́n ń fi ìrókò àti ọ̀pẹ sílẹ̀ láàárín rẹ̀, wọ́n ń fi pèrégún pa ààlà. Kò sí ẹni tó gbé gbohùngbohùn fún irú àwọn ènìyàn báyìí lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo wá ń bèèrè fún ni pé kí wọ́n sọ ọjọ́ àyíká yìí di ìrìn ẹ̀bá odò. Kí ó máa wáyé nígbà mẹ́rin lọ́dún, bí àsìkò bá ṣe ń yí, kí àwọn àgbẹ̀, àwọn ọdẹ àti àwọn ìyá olóko ẹ̀fọ́ jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì fi Yorùbá sọ ọ́. A kò nílò kánópì. Ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn ín, ọmọdé àti òbí, láti ibi tí odò ti sun títí dé ìdí afárá.

Kí àkọ́kọ́ bọ́ sí oṣù Kẹta, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ń tún ilẹ̀ ṣe de òjò. Kí bàbá àgbẹ̀ kan mú ọkọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó kọ ebè gígùn mélòó kan láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe dà, kó sì kọ àwọn mìíràn dábùú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Kí àwọn ọmọ wá da omi korobá sí poro méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, omi á sá, á pọ́n, á kó ilẹ̀ dúdú tó wà lókè lọ sódò. Nínú ti kejì, á dúró, ilẹ̀ á fà á mu. Kí wọ́n tún fi koríko gbígbẹ bo apá kan, kí wọ́n fi apá kan sílẹ̀ lásán, kí wọ́n da omi sí àwọn náà. Ọmọ tó bá rí èyí ní ẹ̀ẹ̀kan kò ní gbàgbé rẹ̀, ìyá tó sì bi mí léèrè á ti rí ohun tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lẹ́yìn ilé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní oṣù Kẹfà, kí a gbin igi, ṣùgbọ́n igi tí àwa fúnra wa yàn: àgbálùmọ̀, orógbó, afàrà, ọparun fún etí odò gan-an. Kí a bọ́ ọ̀rá rẹ̀ dànù. Kí a ṣọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Kí igi kọ̀ọ̀kan ní ọmọ tó ni ín àti ilé tó ni ín, kí a sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé ní ilé-ìwé. Ní oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn òjò ńlá, kí a lọ wo ibi tí odò jẹ àti ibi tí kò lè jẹ, kí a sì bèèrè ìdí. Oṣù Kìíní ló wá ṣe kókó jù lọ: kí olúkúlùkù gbé omi lọ sídìí igi rẹ̀, kí a ka èyí tó yè níṣojú àwọn aláṣẹ, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní Kẹ́ńyà, láti ọdún 1977 ni Wangari Maathai, obìnrin tó jà fún àyíká, ti kó àwọn obìnrin abúlé jọ láti máa tọ́jú igi láti ìgbà tó wà ní kékeré, owó díẹ̀ ni wọ́n sì ń fún wọn lórí igi tó bá yè. Lórí èyí tó yè o, wọn kì í sanwó lórí èyí tí wọ́n kàn gbìn. Ẹni tí yóò gba owó lórí igi tó yè, ó di dandan kó padà lọ wò ó. Nílé wa níbí náà, ibùdó ìdáàbòbò igbó àti ẹranko tó wà ní Lẹ́kí láti ọdún 1990 ń mú àwọn ọmọ rìn nínú igbó, afárá gígùn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè gbà rìn láàárín ewé. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ àdúgbò wa ni òbí wọn lè wá owó mọ́tò Èkó fún? Odò wà lẹ́yìn ilé wọn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àwọn nǹkan yòókù kò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí wọ́n fi owó fẹ́sì káàpù àti aṣọ tí wọ́n ń kọ orúkọ ara wọn sí ra ọkọ́ àti korobá. Kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ti ń sọ kóró igi tirẹ̀ hù. Kí wọ́n dá àwọn tó ń gbẹ́ yanrìn létí odò dúró. Ọṣẹ́ tí wíwa góòlù ti ṣe fún odò Ọ̀ṣun, tí omi rẹ̀ fi dà bí ẹrẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ igbó Òṣogbo tí UNESCO kà kún ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, ó yẹ kó ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Mo ti bá àwọn àgbẹ̀ kan ní àdúgbò wa sọ̀rọ̀, mo sì bá ọdẹ kan sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní àwọn yóò mú àwọn ọmọ rìn, àwọn kò bèèrè kọ́bọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé tó wà nítòsí odò náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè kó ọmọ jáde kúrò ní ọgbà láìgba ìwé àṣẹ láti òkè. Mo bẹ àwọn tó wà lókè náà, ẹ fún un ní ìwé àṣẹ yẹn kí oṣù Kẹta tó dé.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn