Ẹ má tíì ra kọ̀ǹpútà olówó gọbọi fún ọmọ tó fẹ́ gbẹ́ ère

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. A ka àpilẹ̀kọ yín tó gba àwọn òbí ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ níyànjú pé kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà ńlá àti ZBrush, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbẹ́ ère, fún ọmọ tó bá fẹ́ fi ère gbígbẹ́ orí kọ̀ǹpútà jẹun. Inú rere ló bí ìmọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n owó tí wọn yóò ná nìkan ló sọ, kò sọ iṣẹ́ tí ọmọ yóò kọ́.

Ọ̀fẹ́ ni Blender, ètò mìíràn tí a lè fi gbẹ́ ère. Kọ̀ǹpútà tó ní RAM 16 GB àti pátákó oníkálàmù kékeré kan, irú èyí tó ń mọ̀ bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ tàbí tó tẹ̀ ẹ́ gan-an, ti tó ọmọ fún ọdún kìíní. ZBrush ti wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Maxon báyìí, owó oṣù tàbí owó ọdún ni wọ́n sì ń gbà. Kí ni ọmọ tí kò tíì lè gbẹ́ agbárí kó gún fẹ́ máa san irú owó bẹ́ẹ̀ fún? Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣì ń béèrè ZBrush lóòótọ́. Ẹni tó bá ti gbówọ́ nínú Blender kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ti to iṣẹ́ náà tipẹ́: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọsẹ̀. Ère kò tíì ní àgbọ̀n, wọ́n ti ń fín ilà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Àwọ̀n ni ara ère orí kọ̀ǹpútà, àwọn ègé kéékèèké tó so pọ̀ di àwọ̀n náà ni ojú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ojú àwọ̀n rẹ̀ kò pọ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì Grab fa agbárí, àgbọ̀n àti ọrùn yọ, kí wọ́n wò ó láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Ìgbà tó bá dúró ni kí wọ́n tó tẹ Ctrl+R, tí í tún àwọ̀n ère hun. Ìwọ̀n voxel, ègé onígun kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tún àwọ̀n náà hun, ni ọ̀gá níbẹ̀: bí a bá gé e sí ìdajì, ojú àwọ̀n á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Láti 0.05 dé 0.0125, ó ti di ìlọ́po 16, kọ̀ǹpútà kékeré sì lè dákú síbẹ̀. Ohun tó bá fẹ́lẹ́ ju voxel lọ, bí etí gèlè tàbí ìpéǹpéjú, á pòórá. Ètè méjì tó fara kanra á lẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹnu ère là díẹ̀, kí ìka sì ya ara wọn títí iṣẹ́ fi fẹ́ẹ̀ parí. Bí wọ́n bá ti fa ère gùn tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tẹ Ctrl+A, kí wọ́n yan Scale, kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì á máa gbẹ́ wọ́gọwọ̀gọ.

Ère tó dára lójú kò tíì di ọjà. Èyí tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ní rẹ́sìn, oje tí ẹ̀rọ ń sọ di líle, tí inú rẹ̀ sì ṣófo, kí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 2, kí a sì dá ihò méjì sí i nísàlẹ̀. Ihò kan kò tó, torí afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé kí rẹ́sìn tútù lè jáde, èyí tó bá há sínú lè fọ́ ère náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Fáìlì STL, irú èyí tí a ń gbé fún ẹ̀rọ ìtẹ̀ ère, kò sì mọ mítà yàtọ̀ sí mìlímítà. Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 nínú Blender á di mìlímítà 0.3 lórí ẹ̀rọ, àfi kí a kọ 1000 sí Scale nígbà tí a bá ń yọ ọ́ jáde.

Ti géèmù tún yàtọ̀. Ère tó ní ojú mílíọ̀nù 5 kò lè rìn lórí fóònù, nítorí náà a ó hun àwọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn lé e, nígbà mìíràn tí kò tó ojú 10,000, kí ìlà rẹ̀ yí ojú àti ẹnu ká, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ má bàa wó bó bá rẹ́rìn-ín. A ó tú awọ rẹ̀ pẹrẹsẹ, a ó sì tẹ ìjìn àti ìwú ère àkọ́kọ́ sí i lára, ohun tí wọ́n ń pè ní normal map. Unreal, ètò tí a fi ń ṣe géèmù, ń ka àwọ̀ ewé inú àwòrán yìí lódì sí bí Blender àti Unity, ètò géèmù mìíràn, ṣe ń kà á, bẹ́ẹ̀ ni ilà ojú tó yẹ kó jìn á wú síta. Kí a ṣáà yí àwọ̀ ewé náà padà ni. Àwọn kan ti tún ère gbẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Kí ọmọ yan ọ̀kan nínú méjèèjì, ère títẹ̀ jáde tàbí géèmù, kí ó dúró tì í. Iṣẹ́ 4 tó parí pátápátá lórí ArtStation, ojú òpó tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń ṣàfihàn iṣẹ́ wọn, sàn ju orí 20 tí kò lọ́rùn. Kí àwòrán àwọ̀n rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ère aláwọ̀ eérú, pẹ̀lú iye ojú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ yóò wò. Dírágónì ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ Kétu mọ bí gèlè ti ń wé àti bí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń jókòó, kí ó gbẹ́ ìyẹn, kí ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ bí ó bá jẹ́ ti ilé kan pàtó ló fẹ́ wò gbẹ́. Lójú tiwa, ẹni tó lè gbé ère láti ọnà lílé dé inú géèmù fúnra rẹ̀ ló ń tètè kúrò ní ipò ọmọṣẹ́.

Ní ti owó: ìdajì ṣáájú, oníbàárà á fọwọ́ sí ọnà lílé kí a tó dán ère, àtúnṣe méjì ló wà nínú iye tí a dá, ìkẹta, owó ọ̀tọ̀. Bí oníbàárà bá wà lókè òkun, kí wọ́n dá iye ní euro, nítorí 655.957 sẹ́fà ni euro kan, kì í yí. Iṣẹ́ 300 euro yóò jẹ́ 196,787 sẹ́fà kí wọ́n tó yọ owó ìfiránṣẹ́, yálà oṣù yìí ni wọ́n san án tàbí oṣù tó ń bọ̀. Dọ́là kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwa agbẹ́re orí kọ̀ǹpútà,
Kétu