Tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ní ó péye, ó péye fún ta ni?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà tí tẹ́ẹ̀sì tuntun bá ti jáde fún àrùn ńlá kan, ohun tá a máa ń kà ni pé "ó péye dé ìdá 99 nínú 100," ó tán síbẹ̀. Nọ́ḿbà méjì ló yẹ kẹ́ ẹ fún wa jàre: nínú àwọn tó lárùn yẹn, mélòó ló máa mú, àti nínú àwọn tí ò ní nǹkan kan, mélòó ló máa purọ́ mọ́. Ajá tó ń gbó gbogbo èèyàn ò lè ṣàìgbó olè, àmọ́ ta ló máa dá a lóhùn?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ẹni 10,000 ṣe tẹ́ẹ̀sì, àrùn yẹn ò sì ju ẹnì kan lọ nínú 1,000, ẹni 10 nìyẹn. Ká tiẹ̀ ní ó mú gbogbo wọn, tó bá ṣì ń ṣèèṣì mú ẹni 5 nínú 100 tí ò ní in, bí ẹni 500 ló máa gbọ́ pé àwọn lárùn tí wọn ò ní, ẹlòmíì á ti máa pín ogún kí wọ́n tó tún un ṣe!

Ẹ wo PSA, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ prostate (ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin), ó lè lọ sókè torí pé prostate kàn wú lásán, nínú àwọn tí wọ́n sì gé ẹran ara wọn wò torí ẹ̀, bí ẹnì kan nínú 4 ló máa ń ní jẹjẹrẹ lóòótọ́. Ti HIV ní tiẹ̀, téèyàn bá tètè sáré lọ lẹ́yìn tó kó o, èsì á ní kò sí, tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń gún ìka fún míì lè tó 90 ọjọ́ kó tó rí i. Láti 2019 ni WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, sì ti ní tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé ó wà kí wọ́n tó sọ féèyàn pé ó ní in.

Tẹ́ẹ̀sì tó dáa jù tún máa ń yí padà. Fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, láti 2021 ni WHO ti ní kí wọ́n fi ti HPV DNA (tó ń wá kòkòrò àrùn tó máa ń fà á) ṣáájú Pap smear (tí wọ́n ti ń ha ara ibẹ̀ díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò), láti ọmọ 30 ọdún, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 5 sí 10, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ èyí tí wọ́n ṣe fún òun?

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ẹ bi wọ́n ní nọ́ḿbà méjèèjì, ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n dán an wò lára ẹ̀, tí wọn ò bá fẹ́ sọ, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Èmi ni, òǹkàwé yín.