Ìpè Sí Gbogbo Ọmọ Pópó Àgùdà, Nílé àti Lẹ́yìn Odi: Owó Wíwọn Ilé

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọmọ Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó, ẹ̀yin tó wà nílé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi, ẹ kú àjọṣe, ẹ kú ìnáwó ìlú. Èkó ò ní bàjẹ́ o!

Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá rí ìwé yìí, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé, “Owó tún dé.” Owó ni lóòótọ́, owó tí a ó fi wọn àwọn ilé àtijọ́ wa, ká sì yà wọ́n sórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé e wá.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó ilé àwọn Fernandez ní Tinubu Square, èyí tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Ilojo Bar. Láti nǹkan bí ọdún 1855 ni ilé náà ti wà níbẹ̀. Ìjọba sì ti kéde láti 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni. Ìkéde ò gbà á sílẹ̀. Ìgbà tí ilé bá ti di òkìtì, ta ló tún lè fi tépù wọn fèrèsé rẹ̀?

Ohun kan tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn ju wíwó yẹn lọ. Lórí ilé tó ṣì dúró, orúkọ olówó ló máa ń kù, tí ti ẹni tó kọ́ ọ á sì sọnù. Ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins. Mohammed Shitta, ọmọ Sàró, oníṣòwò tí wọ́n bí ní Waterloo ní Sierra Leone, ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Gómìnà Gilbert Carter ló ṣe olórí ayẹyẹ ìṣílé rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894. Abdullah Quilliam, òyìnbó tó di mùsùlùmí, wá láti ìlú Liverpool, ó ṣojú Sọ́tánì ilẹ̀ Tọ́kì, ibẹ̀ sì ni oyè Bey ti wá. Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà tí Bàbá Shitta fi jáde láyé. Ọmọ kékeré ní Èkó lè ka orúkọ gbogbo àwọn wọ̀nyí fún yín.

Ẹ wá bi ọmọ náà pé ta ló to bíríkì, ta ló fa ọ̀ṣọ́ ojú ògiri yẹn. João Baptista da Costa ni, Àgùdà, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́. Sanusi Aka, mùsùlùmí ọmọ Èkó, bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá túmọ̀ João Baptista sí èdè wa, Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni! Onítẹ̀bọmi ni Bey gbé mọ́ṣáláṣí fún, kò sì sí ẹni tó bínú. Inú mi máa ń dùn nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀. Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n.

Da Costa nìkan kọ́. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ni àwọn ọ̀gá tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́, èyí tó wà kí wọ́n tó kọ́ èyí tó tóbi tí a ń lò lónìí. Balthazar dos Reis, káfíńtà, ṣe tábìlì kan tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1886, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà bọ̀. Àwọn tí wọ́n kó wọn tàbí àwọn òbí wọn lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil ni wọ́n. Lẹ́yìn ìjà tí àwọn mùsùlùmí jà ní Bahia ní 1835 ni pípadà wálé pọ̀ sí i, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí tí Brazil fi fòpin sí oko ẹrú ní 1888. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà wọkọ̀ òkun. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni João Esan da Rocha, ẹni tó gbẹ́ kànga sí ilé rẹ̀ ní Kakawa, tí Èkó ń wá ra omi níbẹ̀ títí ilé náà fi di Water House.

Ìlànà wọn ò sì dúró sí Èkó. Ẹ lọ sí Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn, Iléṣà, ẹ máa rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, yàrá ní ọ̀tún àti òsì, fèrèsé tó tẹ̀ kọrọdọ lórí, òpó tó yọ lára ògiri. Ẹ dé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, mọ́ṣáláṣí ńlá wọn dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bahia gan-an.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí náà jẹ̀bi. A yọ fèrèsé onígi kúrò ní ilé bàbá wa, a fi aluminiọ́mù sí i, torí pé ó ń dán. Láti ìgbà náà ni yàrá òkè ti ń gbóná bí ààrò. A tún fi símẹ́ńtì líle bo ògiri amọ̀ ìsàlẹ̀. Omi há sínú rẹ̀, ó ń jẹ ògiri lábẹ́lẹ̀, ó sì ń bó ní pẹlẹbẹ. Ká ní ẹnì kan ti sọ fún wa ni.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi pinnu níbi ìpàdé tó kọjá pé ká wọn ilé. A ò fẹ́ ra ilé ẹnikẹ́ni, a ò sì ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tó bá fẹ́ ta ilé bàbá rẹ̀. A ó san owó fún ayàwòrán ilé méjì, kí wọ́n wọn ilé àtijọ́ kọ̀ọ̀kan tí onílé bá gbà, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, kí wọ́n yà á sórí ìwé. Mọ́ṣáláṣí ní àwọn alábòójútó tirẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀. Ilé àdáni ni tiwa.

Apá kejì ni iṣẹ́ ọwọ́. Bàbá méjì ṣì wà láàárín wa tó mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀ṣọ́ etí òrùlé. Wọ́n á gé páànù bí ọ̀ṣọ́ náà ṣe rí, wọ́n á kàn án mọ́ pákó, wọ́n á máa fà á lórí símẹ́ńtì tútù, lọ bọ̀, lọ bọ̀, títí yóò fi jáde gbọọrọ. Ọmọ mẹ́fà la fẹ́ fi sábẹ́ wọn. Owó oúnjẹ, ti irinṣẹ́ àti ti àwọn bàbá náà wà nínú ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí ẹ bá bi mí, èyí ṣe kókó ju ìwé lọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nílé, ₦10,000. Ẹ̀yin òkè òkun, ₦50,000, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà mọ bí náírà ṣe rí. Akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ohun tí agbára bá gbé. Ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Àkáǹtì ẹgbẹ́ tí a ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni. Akápò á fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ti gbàgbé. Ẹ má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ì báà jẹ́ èmi.

Nípa owó gọ́tà tí a dá níjọ́sí, ìṣirò rẹ̀ pẹ́ kó tó jáde, inú bí ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ sì jàre. Lọ́tẹ̀ yìí, a ó máa ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde ní gbogbo ìpàdé oṣooṣù. Àwọn méjì tí kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ ni yóò máa yẹ ìwé wò.

Àwọn kan ti ní ká kọ́kọ́ tún gọ́tà náà ṣe, torí omi ń wọlé. Òótọ́ ni, ẹ̀bẹ̀ ti ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́dọ̀ káńsù. Ṣùgbọ́n gọ́tà tó dí lónìí á ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ilé tí olùrà ti ń wò.

Ẹni tí kò ní owó, ṣùgbọ́n tó ní fọ́tò àtijọ́, ìwé ilé, tàbí ìyá àgbà kan tó rántí orúkọ bíríkìlà tàbí káfíńtà tó kọ́ ilé wọn, ẹ mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ó ya àwòkọ rẹ̀ lójú yín, a ó sì dá a padà fún yín lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà ní tirẹ̀, àwa la máa lọ bá wọn nílé.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, fún alága àti gbogbo ìgbìmọ̀.